Etí Aṣọ Tí Mi Ò Rán Tán

Ẹ̀rọ la fi rán ègé aṣọ pọ̀ di aṣọ ìbora alábala tí àwa ìyá ìjọ l'Ádó fẹ́ fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń rán etí rẹ̀, kó má baà le lára ọmọ ọwọ́. Oníkálukú mú ègé aṣọ wá látilé. Ìró ìyá mi tó ti kú ni mo gé, torí fífọ̀ ti sọ ọ́ di múlọ́múlọ́.

A jókòó yí aṣọ náà ká, à ń rán an, ni ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá fọwọ́ kan ègé ìró náà, ó ní ta ló ni èyí tó rọ̀ báyìí. Mo ní ti ìyá mi ni.

Ó fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ yọ. "Ọmọ mi, a kì í fi aṣọ òkú bo ọmọ tuntun. Gbé e lọ sí ulé rẹ."

Àwọn yòókù ń tọ́jú abẹ́rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ jẹ́ kí n tú u. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ló wà. Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù?

Aṣọ ìbora náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi látìgbà náà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá mi n'Íyìn. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ìyá àgbà yìí kan náà ló ń sunkún, tó ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí òun, kò sí aṣọ nítòsí, ìró ìdí ìyá mi ni wọ́n fi wé ọmọ náà.