Àǹtí Ọmọ Tí Mo Bí

Òórùn ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn. Òkè ilé ìtajà bàtà kan ní Fordham, lókè òkun níbí, ló wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ó sì ga. Wọ́n to páálí ìbọ̀wọ́ láti ilẹ̀ dé àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, nítorí àwọn tí ń lọ tọ́jú arúgbó nínú ilé ni iléeṣẹ́ náà ń gbà síṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti ń wá gba ìbọ̀wọ́. Fi òórùn kọfí tó ti pẹ́ lórí iná kún un, àti ti kóòtù tútù tó ń gbẹ lára irin tó ń mú ilé gbóná. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi, bí nọ́ọ̀sì bá na ọwọ́ oníbọ̀wọ́ sí mi láti gún mi lábẹ́rẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mò ń rò. Ọmọ mi ni mo máa ń rò, lórí páálí tó jókòó sí lọ́jọ́ kan tí màá sọ fún ọ yìí.

Kí n tó dé ibẹ̀, oṣù méje gbáko ni mo fi wáṣẹ́. Kì í ṣe pé mi ò mọṣẹ́ o. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é nílé, ní iléeṣẹ́ bisikíìtì kan n'Íbàdàn: èmi ni mò ń gba àwọn òṣìṣẹ́, èmi ni mò ń kọ ìwé ìsinmi wọn, èmi náà ni mò ń parí ìjà tí wọ́n bá bá ara wọn jà. HR ni wọ́n ń pè é níbí bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó délé. Agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ilé ìwé ń jáde. Nítorí náà, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ ni mò ń wá, èyí tí màá fi lè wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò fẹ́ ṣe é láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, èmi aláìgbọ́n, màá fẹnu ara mi sọ pé mo ní ọmọ kékeré. Wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn á ní ọmọ dùn, ó tán nìyẹn. Ó rẹ̀ mí débi pé n kì í ka lẹ́tà wọn, èyí tí wọ́n fi ń dúpẹ́ pé mo wá, dé ìparí mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Queens Village, ló là mí lóye. A jọ ń to àga lẹ́yìn ìsìn nígbà tó ní, "Má dárúkọ ọmọ mọ́. Sọ pé ò ń kàwé. Wọ́n fẹ́ràn ẹni tó ń kàwé." Fordham ni mo ti kọ́kọ́ lo ìmọ̀ràn náà. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹlòmíràn ń dúró dè lórí fóònù, bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi mí, mo ní mò ń kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ṣé kò sí ohun tó lè dí mi lọ́wọ́? Mo ní kò sí. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé kí n wá máa ṣe é, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí agogo kan ààbọ̀. Mo sunkún nínú tíréènì lọ́jọ́ náà, ìdùnnú ni.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí kò bímọ láti agogo mẹ́sàn-án sí agogo kan ààbọ̀. Mi ò gbé fọ́tò kankan sórí tábìlì. Nígbà tí mo rí sítíkà labalábá tí ọmọ náà lẹ̀ mọ́ apá kóòtù mi, mo yára ṣí i kúrò, mo jù ú nù. Èyí tó tún wá burú ni pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fáìlì àwọn òṣìṣẹ́: ta ni ìwé àyẹ̀wò ìlera rẹ̀ ti fẹ́ kọjá ọjọ́, ta ni kò wá síṣẹ́. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi ni màá tẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ rẹ̀ kí ọ̀gá tó buwọ́ lù ú. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìyá ọmọ. Màá kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọmọ wọn ń ṣàìsàn, màá wá jókòó, màá tẹ lẹ́tà. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mò ń tẹ̀ ẹ́.

Màmá kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ wa, ará Ìjẹ̀bú, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó ń tọ́jú gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá gba ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ mi, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ Yorùbá ni mí, ó sì bi mí ní ohun tí àgbà èyíkéyìí máa bi mí: àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, ibí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, kò lè sọ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Òun ni mò ń bẹ̀rù. Mo tẹrí ba, mò ń ka ìbọ̀wọ́. Màmá náà gbé ọwọ́ lé mi léjìká, mo sì mọ̀ pé ó ti gbà á síbòmíràn.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í gbàdúrà fún mi. Á dúró ti tábìlì mi, á fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé Ọlọ́run tó dá Hánà lóhùn á dá mi lóhùn, mi ò ní pẹ́ gbé ọmọ pọ̀n. Ta ló máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà tí kò ní ṣe àmín? Mò ń ṣe àmín. Àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé mò ń sọ fún Ọlọ́run pé èyí tó fún mi kò sí nílé. Lẹ́yìn oṣù kan, ó gbé ìgò òróró kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ fún Ọjọ́rú mẹ́ta nítorí mi. Mo mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé: Ọjọ́rú ló máa ń gbé ìyá arúgbó kan láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Láìjẹun! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ níbẹ̀. Oṣù méje tí mo fi wáṣẹ́ ni mo rántí, mo gba òróró náà, mo dúpẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì, òtútù ń ta ni létí, èmi àti ọmọ mi dé ilé ìwé rẹ̀, a bá ìwé lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti bàjẹ́, kò sí ẹ̀kọ́ lónìí. Bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ara ọmọ náà ò yá, mo ní ìdánwò ni mo lọ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù, mo sì mọ ẹni tó máa tẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ náà. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, mo fà á mọ́ra, mo ní, "Tí a bá débẹ̀, àǹtí ni kó o máa pè mí." Ó ní kí ló dé. Mo ní nítorí iṣẹ́ ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Mo sọ fún ọ̀gá pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní kò burú, kó má ṣáà ti pariwo. Ọmọ náà ò pariwo. Ó jókòó sórí páálí ìbọ̀wọ́, ó ń ya ilé sẹ́yìn ìwé tí a ò lò mọ́. Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀. Àǹtí, ṣé mo lè mu omi? Kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tó jẹ́ pé tí mo bá ní kó fọ ẹnu rẹ̀, màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá! Mo jókòó síbẹ̀, mò ń tẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ ìyá kan tí ikọ́ ń ṣe ọmọ rẹ̀, inú mi ń bà jẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá lanu.

Lẹ́yìn náà ni màmá ará Ìjẹ̀bú yẹn dé. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó tún wo ọmọ náà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé a jọra. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bi í pé, "Mọ́mì ẹ dà?"

Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò mí. Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń wá ìdáhùn lójú mi. Mo gbójú sórí lẹ́tà tí mò ń tẹ̀. Ó wá yíjú sí màmá, ó ní, "Mọ́mì mi ò sí níbí."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi, níwájú màmá, lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. "Ẹ dárí jì mí, mà. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i." Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ti dìde dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi dé orí ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì, mo sì ń retí kó bú mi, nítorí ó tọ́ sí mi. Kò bú mi. Ó béèrè orúkọ ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ààwẹ̀ mi ò ṣòfò. Ọmọ ọ̀hún ló jókòó yìí." Ó gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Èmi fúnra mi ni mo lọ bá ọ̀gá kí ọmọbìnrin yẹn tó sọ ọ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lòun rò pé mo fẹ́ sọ. Ó ní tí mo bá ti ń parí iṣẹ́ mi, ibi tí mò ń lọ ní agogo kan ààbọ̀ kò kan òun. Ó tún ní kí n má gbàgbé lẹ́tà ìkìlọ̀ yẹn. Ó tán. Oṣù márùn-ún ni mo fi sẹ́ ọmọ mi, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti tú u palẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá gbà mí ká ní mo ti sọ òótọ́ níjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní mọ̀ láéláé, ìyẹn gan-an ló ń rẹ̀ mí. Mo tẹ lẹ́tà náà o. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Harlem ni ọ́fíìsì mi wà báyìí, èmi ni mo sì ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Àwọn obìnrin máa ń sọ fún mi pé àwọn ń kàwé ní ìrọ̀lẹ́. N kì í bi wọ́n pé ilé ìwé wo. Mo kàn máa ń sọ fún wọn pé bí ilé ìwé bá ṣèèṣì tì láàárọ̀, ilé ìwé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n pè mí lórí fóònù. Àwọn kan á wojú mi, ara wọn á rọ̀ díẹ̀, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Mo rò pé mo mọ ohun tí iṣẹ́ lè gbà lọ́wọ́ èèyàn: oorun, ẹsẹ̀, ìsinmi. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan lé e lọ́wọ́. Nígbà tí à ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn, nínú bọ́ọ̀sì kan náà, ọmọ mi fi orí tì mí lápá. Ó bi mí bóyá òun ti lè pè mí ní mọ́mì báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ojú fèrèsé títí a fi kọjá ibùdókọ̀ méjì, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Ọ̀la ńkọ́?"