Oúnjẹ Alẹ́ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Bí mo bá rí ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ni mo máa ń rántí. Tíṣà ni wọ́n ní Àrándùn, ọ̀kadà ló ń gbé wọn padà s'Ọ́mù-Àrán. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń kọ oúnjẹ alẹ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná: Ọjọ́ Ajé, ẹ̀wà; Ọjọ́rú tí a ń lọ ìpàdé àdúrà, gààrí àti àkàrà. Ní ti Àbámẹ́ta, wọ́n á kọ ọ́ pé: "Ẹni tó bá bèèrè ni yóò sè é."

A kì í bèèrè. Ọkọ wọn ló gbàgbé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan.

"Tíṣà, kí la fẹ́ jẹ lálẹ́ yìí?"

Wọ́n rọra gbé iṣu àti ọ̀bẹ lé Bàbá lọ́wọ́.

Àsáró náà jóná, síbẹ̀ a lá ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn ló mú ṣọ́ọ̀kì: "Àbámẹ́ta: èmi ni. Kí ẹnikẹ́ni má bèèrè."