Àwọ̀n Tí Wọ́n Fi Gbé Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin kú ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí pápá tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bọ́ọ̀lù. Ibi tó ṣubú sí kò jìnnà sí yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì. Mo ti lọ kà á fúnra mi: ìgbésẹ̀ mẹ́tàlélógójì ni, ìgbésẹ̀ arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ọmọ ogún ọdún á sá a dé kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì sá a dé. Àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé olùkọ́ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin di olóògbé lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ló kà á sí mi létí, nítorí mi ò mọ̀wé. Òun ni aṣọ́lé, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lójú ilé fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà. Mo ní kó tún un kà. Àìsàn wo? Dókítà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Obìnrin tó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó tún dúró bú mi nítorí mi ò lo oògùn orúnkún mi, ìgbà wo ni àìsàn ráyè mú un?

Ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Agbára bàbá wa ò ju kó rán ẹnì kan lọ sílé ìwé lọ. Mo ní kó rán an, torí èmi fẹ́ràn oko, òun ò sì lè dúró lójú kan. Ọsàn tó bá já bọ́ lórí igi, ẹsẹ̀ ló fi ń gbé e délé. Ìyá wa á ní, “Ṣé èyí tó o ti gbá mọ́ ògiri yìí ni ká mu?” Á ní, “Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀, Màmá. Mo ti bá yín mú un rọ̀.”

Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó tó lójú rẹ̀. Wọ́n á sáré títí, wọ́n á ṣubú lulẹ̀ sórí koríko, á fun fèrè. “Ẹ̀ẹ̀kan sí i!” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kóòṣì, ẹsẹ̀ mi ti kú.” Ó ní, “A ó sin ín lọ́la. Dìde.” Ọ̀rọ̀ oko bàbá wa ló fi ń kọ́ wọn. Ẹni tó ń kọ ebè kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òpó tó rì sí ìpẹ̀kun oko ló ń wò, kí ìlà rẹ̀ má baà wọ́. Bó ṣe ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù náà nìyẹn: ẹ yé wo ẹsẹ̀, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni gbogbo wọn wà, ó ń fi wọ́n han àlejò.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn bá mú jù lọ ni wọ́n ń yọ̀ǹda pápá fún àwọn obìnrin. Àárọ̀ tútù, ti ọkùnrin ni. Ìrọ̀lẹ́, ti ọkùnrin ni. Àfi bí ẹni pé oòrùn kì í pa obìnrin.

Ta ló ti yàrá yẹn pa? Ọ̀gá eré ìdárayá ni. Ó ní àwọn ọmọbìnrin ń lo báńdéèjì tán. Ẹ bá mi bi í, ta ni wọ́n ra báńdéèjì fún? Ṣé ògiri ló ń fi orúnkún gbolẹ̀ ni? Láti ọjọ́ náà, àfi bí àwọn ọkùnrin bá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé kó tó ṣí i. Inú ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jí ọkàn tó bá dúró wà. Àbúrò mi mú nọ́ọ̀sì kan wá kó wá kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nọ́ọ̀sì dé, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Obìnrin náà ya ẹ̀rọ sára páálí, ara páálí ni wọ́n ti kọ́ ọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lò. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án rí ni.

Ìwé mẹ́ta ni àbúrò mi kọ nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Yóò kọ́kọ́ kà á sí mi létí níwájú ilé kó tó fi ránṣẹ́. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: “A ti rí ìwé yín.” Lẹ́yìn ìkẹta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní àáké yín.”

Mo ní, “Kí lo fẹ́ là?”

“Àgádágodo kan báyìí ni.”

Mo ní rárá. Mo ní kì í ṣe oko bàbá wa nìyẹn, ilé ìwé ni, ìwé ni wọ́n ń gbọ́, kó tún kọ òmíràn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀wé, ẹ gba ìwé gbọ́ jù wá lọ.” Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́. Kí àwọn náà wá sọ tiwọn.

Nígbà tó ṣubú, aṣọ́lé yìí ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi òkúta lu àgádágodo títí ìka rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀. Ó ń wo ẹ̀rọ náà láàárín irin fèrèsé, lára ògiri, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò ọ̀gá eré ìdárayá, ṣòkòtò sì bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin lọ sí ìlú míì. Ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn náà wà nínú yàrá. Làwọn ọmọ bá fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n ojú ilé, wọ́n tẹ́ àbúrò mi sínú rẹ̀, mẹ́jọ gbé e. Bí apá bá ti ń ro wọ́n, ẹnì kan á pariwo, “Ẹ̀ẹ̀kan sí i!” Bí wọ́n ṣe gbé e dé títì nìyẹn. Ní ọsibítù, wọ́n ní ó ti kú kó tó kúrò lórí pápá. Àwọn ọmọ ló kó àwọ̀n náà wá fún mi nílé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ti dákẹ́ lórí ìwé mẹ́ta! Kí ni wọ́n tún ń dákẹ́ fún?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, awakọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti akọ̀wé kan wá sílé mi. Mo rò pé wọ́n wá bá mi kẹ́dùn ni, mo gbé àga fún wọn.

“Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù,” ni akọ̀wé wí.

“A dúpẹ́.”

“Àwọ̀n la wá gbà, Bàbá.”

“Àwọ̀n wo?”

“Ti ojú ilé. Ohun ìní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Àwọn ọkùnrin fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé.”

Awakọ̀ dorí kodò. Ojú tì í, ẹni bí ọmọ ni.

Mo ní, “Wọ́n ti gé e.”

“Wọ́n á rán an, Bàbá.”

“Ẹni tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á rán òun náà?”

Wọ́n dìde lọ. Akọ̀wé gbàgbé bírò rẹ̀ sórí àga. Bírò náà la fi ń kọ èyí.

Kí wọ́n já ìwé àìsàn ránpẹ́ kúrò lára ògiri. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó tì í, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó rí ìwé mẹ́ta tí kò ní kí wọ́n ṣí i. Àwọ̀n wà nílé mi, mi ò fọ̀ ọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ ni kó wá gbà á, kó má rán ọmọ ọlọ́mọ. Kó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání, kí èmi àti ẹ̀ jọ rin ìgbésẹ̀ mẹ́tàlélógójì yẹn, kó ṣí ìlẹ̀kùn lójú àwọn ọmọbìnrin, kó sì ju àgádágodo nù. Mo fún un di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, agogo méjì ọ̀sán. Bí kò bá wá, màá dá rìn ín.

Ìwé kẹrin rèé. Mo ti pọ́n àáké.