Ohun Tí Zoraida Ń Rí Nígbà Tí Wọ́n Bá Dákẹ́

Wọ́n ní torí pé àwọn bọ̀wọ̀ fún wa làwọn ṣe fẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ Zoraida. Àwa afọ́jú ìlú Manzanillo, ẹni mẹ́tàlélógún, tí a máa ń lọ sí sinimá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, àwa ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún o. Kò sì sẹ́ni tó bi wá. Èmi Evelio, àga ni mò ń hun jẹun. Mi ò lọ sílé ìwé títí, ìwé àfọwọ́kà tí mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ló fọ́, ẹnu mi ò fọ́jú.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí Zoraida jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní sinimá yẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó ní àbúrò obìnrin kan, Caridad, tó fẹ́ràn sinimá ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí ojú Caridad lọ, Zoraida ò jẹ́ kó jókòó sílé. Á mú un wọlé, wọ́n á jókòó sẹ́yìn pátápátá, á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i létí. Àwọn èèyàn á máa pòṣé. "Ẹ̀yin obìnrin méjì yìí, ṣé ẹ ò nílé ni?" Mo gbọ́ nípa wọn, mo lọ jókòó tì wọ́n. Crescencio, àgbàlagbà tó ń ṣe ìgbálẹ̀, òun náà gbọ́. Migdalia ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbọ́. Nígbà tá a di méje, ariwo wa pọ̀, ọ̀gá sinimá bá fún wa ní Ọjọ́bọ̀ tiwa, ó gbé máìkì lé Zoraida lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan Caridad kú. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú máìkì: "Ó dáa, ẹ dákẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀." Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. A kì í sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ àwọn inú fíìmù. Torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dá fíìmù wò kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó lè mọ ibi tí ẹnu ti ń dákẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, òun á sinmi. Bí wọ́n bá dákẹ́, iṣẹ́ dé nìyẹn. Àwọn tí ìfẹ́ ń pa ló máa ń dá a lágara jù, torí wọn kì í sọ ohun tó wà níkùn wọn. Ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n á máa sọ.

"Irọ́ ló ń pa," Zoraida á wí. "Ó lóun ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti kó sí i."

Migdalia á ní, "Kó máa lọ jàre. Ta ló dì í mú?"

A á rẹ́rìn-ín, a á sì mọ ibi tá a wà.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n rán Arlenis sí wa láti Havana. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ilé ìwé ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fíìmù fún afọ́jú. Ó jókòó sẹ́yìn wa lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ Zoraida, ó bá lọ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá. Ìwé gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ojú rí ni kí ẹni tó ń sọ fíìmù sọ, kó má sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ó ní afọ́jú ní làákàyè tirẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa pinnu," ó sọ fún wa. "Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá yín jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó fún yín."

Crescencio ní, "Èmi ò léyín mọ́. Kó máa bá mi jẹ ẹ́."

Arlenis ní kí àwọn tó fara mọ́ òfin tuntun náà nawọ́ sókè. Migdalia ní, "Ká nawọ́ sókè, ta ló máa rí i?" Ọmọ náà bẹ̀ wá títí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ti pinnu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Arlenis máa sọ fíìmù kan ní Ọjọ́bọ̀ kan, ká lè mọ bó ṣe yẹ kó rí. Zoraida máa sọ fíìmù kan náà ní Ọjọ́bọ̀ kejì, pẹ̀lú òfin. Bó bá pa òfin mọ́, máìkì jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Bí kò bá lè pa á mọ́, ó dìgbà.

Fíìmù opó kan tó ń ránṣọ ni, àti ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe tó gba yàrá nílé rẹ̀. Odidi wákàtí kan, wọn ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "òrùlé ti ń jò" lọ. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá. Arlenis sọ pé:

"Ọkùnrin náà dúró. Obìnrin náà ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Ó fi eyín gé òwú. Ọkùnrin náà ń wo fèrèsé. Ó jáde."

Nígbà tí fíìmù parí, Crescencio bi í: "Ọmọ mi, ṣé obìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Kí lẹ̀yin rò, Bàbá?"

"Mo rò pé mo bi ẹ́ ní nǹkan."

Orí àtẹ̀gùn la ti ń bára wa jà. Crescencio ní obìnrin náà kórìíra rẹ̀, ó fẹ́ gba yàrá rẹ̀ padà. Migdalia ní òun gbádùn rẹ̀ ní tòun. "Kò sẹ́ni tó fà mí létí. Mo jókòó, mo ro tèmi."

"Kí lo wá rò?" mo bi í.

"Pé ọkùnrin yẹn níyàwó níbòmíì."

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Nínú dídákẹ́ rẹ̀."

Inú bí mi. Ilé Zoraida ni mo kọrí sí. Ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìka ta á lórí àwo. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì," ó wí.

"Sísọ́ọ̀sì wo?"

"Níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì. Ó súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí àwo yìí ṣe súnmọ́ tèmi. Kò mú un. Ó fi ẹnu sí àyà ọkùnrin náà, ó gé òwú."

"Arlenis ò rí i ni?"

"Ó rí i. Ó ní ohun tí èèyàn ṣe lòun ń sọ, òun kì í sọ ohun tí kò ṣe."

"Sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ nígbà náà. Sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀, kí òfin máa lọ."

Ìka rẹ̀ dúró. "Ó ti rẹ̀ mí, Evelio. Ṣé o rántí Ovidio?"

Ta ni kò rántí Ovidio? Òun ló ń yí fíìmù ní sinimá kó tó kú.

"Ọdún méjìdínlógún, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbé kọfí sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Nígbà tó kú, mo sọ fún ara mi pé ó fẹ́ràn mi. Ta ló máa já mi nírọ́? Àfìgbà tí ọmọ yìí dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: bóyá kọfí lásán ni. Bóyá gbogbo fíìmù tí mo ti ń sọ fún yín, Ovidio ni mò ń sọ."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Fíìmù lẹ wá gbọ́. Ẹ ò wá gbọ́ Ovidio."

Mo sọ fún un pé Ovidio tẹ́ wa lọ́rùn. Ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ó pa òfin mọ́ bí ẹni ń ka orúkọ òkú. "Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà." Kò sí "irọ́ ló ń pa" kankan. Nígbà tó kan bọ́tìnnì, ó ní:

"Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò wò ó. Ó tẹrí sí àyà ọkùnrin náà, ó fi eyín gé òwú. Ó pẹ́ kó tó gbé orí kúrò."

Mo gbọ́ tí gbogbo ìlà àga mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn wa, Arlenis rọra ní, "Ó dára gan-an." Zoraida ti yege. Máìkì ti di tirẹ̀.

Crescencio wá pariwo láti orí àga rẹ̀: "Zoraida, ó fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, àbí?"

A ń dúró. Láti ọdún mọ́kànlá, kò sígbà tó pẹ́ kó tó dá wa lóhùn.

"Mi ò mọ̀, Crescencio."

Ó gbé máìkì kalẹ̀, a gbọ́ bó ṣe gbá àga, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ síta. Ìyókù fíìmù, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. A gbọ́ rélùwéè, a gbọ́ bàtà, a gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn títí dòní.

Arlenis ti sáré tẹ̀ lé e síta. "Mà, ẹ ti yege. Tiyín ni."

"Mo mọ̀. Máa bá a lọ, ọmọ mi. O mọ̀ ọ́n ṣe."

Oṣù mẹ́jọ nìyí. Arlenis ló ń sọ ọ́. Migdalia ní ohùn rẹ̀ ti ń dùn sí i. Èmi náà ń lọ, torí kí ni mo fẹ́ fi Ọjọ́bọ̀ ṣe? Mo ń jókòó, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn Zoraida níbi tí wọ́n ti ń din ẹja lisẹ́tà létí òkun. Mo lọ dúró tì í. A kíra wa. Mo ní, "Zoraida, èmi nìkan ni, máìkì ò sí níbí. Obìnrin yẹn, ṣé ó fẹ́ràn rẹ̀?"

Ó dákẹ́ títí ẹja fi jinná.

"Kí lo rò, Evelio?"

Mo gba ẹja mi, mo ń lọ sílé.