Wúrà Ọjọ́ Fọ́tò

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn òyìnbó kan wà lókè òkun tí wọ́n ń rán owó ilé-ìwé sí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lágbára. Òyìnbó kan, ọmọ kan. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó o wà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Olówógbowó, èmi ni mo sì ń ti agbolé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí mò ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ náà, tí mò ń ya fọ́tò wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí mo sì ń túmọ̀ létà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni fọ̀nà hàn mí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú, inú mi sì máa ń tètè bí. Iṣẹ́ tíṣà ló bà mí jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti wọ ibẹ̀, ara mi á rọ̀. Ilé ìyá àgbà kan ni, tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà ní Èbúté Èrò, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà ti kú; bàbá rẹ̀, ká ṣáà sọ pé ó rìnrìn àjò. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni wọ́n nígbà ayé ìyá mi. Wọ́n á tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n á ní kí n jókòó, kò sì sí ohun tó wà nínú wọn tí wọn kì í sọ fún mi, títí dé èyí tí wọn kò lè sọ fún àbúrò wọn. Èmi tí mi ò ní ìyá mọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà mọ̀wé. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, mo mọ èyí tó mọ̀wé yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń há a sórí. Obìnrin òyìnbó kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń sanwó rẹ̀ láti pírámárì kejì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ má sì sọ fún mi pé ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ti ra ìwé, yunifọ́ọ̀mù, bàtà àti gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìgbaniwọlé mọ irú ọ̀fẹ́ tó jẹ́. Bí òyìnbó yẹn bá dúró tì í, ọmọ á lọ. Bí kò bá dúró tì í, ìdí àpò àlùbọ́sà ní Èbúté Èrò ló kù. Ìyá àgbà sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, omi wà lójú wọn.

Òfin ọ́fíìsì lórí fọ́tò kò pọ̀: kí ọmọ wọ aṣọ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọmọ náà lórí àpótí, nínú léèsì aláwọ̀ ewé. Yẹtí wúrà, ẹ̀gbà ọrùn wúrà, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ọmọ ọ̀hún tínrín. Wọ́n lé tìróò fún un. Gbogbo agbolé ló ti dá sí i. Ọmọ àwọn tó wà lókè ló ni léèsì, ìyàwó kékeré bàbá onílé ló ni wúrà, bàtà jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó sì tóbi débi pé wọ́n ki àkísà sí i nímú.

Bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ṣe ọmọ ẹ lóore, wàá mú ọmọ náà lọ dúpẹ́, wàá sì wọṣọ fún un dáadáa, torí ara ọmọ ni olóore á ti rí i pé oore òun ò ṣòfò. Ohun tí yàrá kan kò bá ní, yàrá kejì á mú un wá, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní jáde kúrò nínú agbolé láéláé. Ìyá mi náà yá wúrà fún mi rí.

“Màmá, aṣọ ojoojúmọ́ ni ọ́fíìsì wí,” ni mo sọ, ẹnu lásán ni.

“Obìnrin yẹn ò lè wá síbí, èmi náà ò lè lọ síbẹ̀,” ni wọ́n dá mi lóhùn. “Fọ́tò yìí ni mo fi ń mú ọmọ lọ kí i. Ṣé kí n wá mú un lọ bí ọmọ tí kò lẹ́ni tó ń wẹ̀ ẹ́? Ṣé o fẹ́ kó rò pé inú omi ló ń da gbogbo owó ẹ̀ sí ni?”

Ó yẹ kí n kọ̀. Ṣebí èmi ni mo sọ òfin fún wọn. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ náà, orí mi wú. Mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, mo yà á, mo tún un yà, mo sì fi èyí tó dára jù ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì pè mí wọlé. Ọmọkùnrin tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n kà á fúnra mi. Òyìnbó náà ti kọ̀wé. Ó ní inú òun dùn púpọ̀ pé ọ̀nà ti là fún ẹbí ọmọ náà, pé wúrà ara rẹ̀ ju gbogbo èyí tí òun ní láyé òun lọ, pé ó ti wá tó àkókò kí òun gbé ìrànlọ́wọ́ náà fún ọmọ mìíràn tó ṣe aláìní. Kò sí ìbínú kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

“Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò yìí?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ẹ ò rí wúrà náà ni?”

Mo fẹ́ gbaná jẹ, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bínú lé lórí? Mo ní mo rí i, pé wọ́n yá a ni. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí n kọ létà sí obìnrin náà kí oṣù tó parí, kí n ṣàlàyé ẹni tó ni nǹkan.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gba ilé ìyá àgbà lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń bá wọn ṣeré. Nígbà tí wọ́n wo ojú mi, wọ́n jókòó. Mo ní kò le, létà kan péré la fẹ́ kọ, pé a yá àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni.

“O ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́.”

“Màmá, ọmọ yìí ò ní lè lọ sí sẹ́kọ́ńdírì o.”

“Mo gbọ́. Kọ ọ́ pé mo dúpẹ́. Kọ ọ́ pé kó má bínú. Ṣùgbọ́n pé mo yá wúrà láti fi han ẹni tó ń ṣe mí lóore? Kó wá rò pé ẹlẹ́tàn ni mí? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó máa lọ, kí n ṣì níyì lójú ẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí a ń sọ ọ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi wọlé fún mi dáadáa. Mo bínú sí ọ́fíìsì. Mo bínú sí òyìnbó tó rò pé ẹni tó bá ti wọ wúrà lẹ́ẹ̀kan ti di olówó. Mo bínú sí ìyá àgbà, pé nítorí ìtìjú, wọ́n fẹ́ jẹ́ kí ọmọ pàdánù. Ká má parọ́, ara mi gan-an ni mo bínú sí jù. Ní ọjọ́ kẹrin mo kọ létà náà. Mo kọ ẹni tó ni léèsì, mo kọ ẹni tó ni wúrà, mo kọ àkísà inú bàtà. Mo kọ ọ́ pé bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún olóore nìyẹn, pé kó má ṣe kà á sí ẹ̀tàn. Mo fi ránṣẹ́, mi ò sì wí fún ẹnikẹ́ni nínú agbolé yẹn.

Òyìnbó náà yí ọkàn padà. Ọmọ wọ sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà tí ìyá àgbà bi mí bó ṣe jẹ́, mo ní Ọlọ́run ló tún un ṣe. Wọ́n ní alihamudulilahi, wọ́n gbàdúrà fún mi títí, wọ́n dárúkọ ìyá mi mọ́ ọn. Ojú ń tì mí, mo sì ń ṣe àmín.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, létà kan dé láti ọ̀dọ̀ òyìnbó náà, nínú àpò ìwé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo gbé e lọ fún wọn láìtú u, bí mo ṣe máa ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń kà á, tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Lọ́jọ́ yẹn ìyá àgbà ní, “Jẹ́ kí ọmọ kà á. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ọ, jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ.”

Ọmọ jókòó, ó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tún un sọ ní Yorùbá, kò kọsẹ̀ rárá. Òtútù mú lọ́dọ̀ wọn. Ajá obìnrin náà ti kú. Inú rẹ̀ dùn sí èsì ìdánwò. Ọmọ wá kà á pé, “Ẹ bá mi sọ fún màmá àgbà pé kí wọ́n má tijú nítorí wúrà tí wọ́n yá. Ìyá tèmi náà yá kóòtù fún mi rí, nígbà tí mo fẹ́ lọ wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi.”

Ó gbójú sókè wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó kà ti yé e, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Tún un kà,” ni ìyá àgbà wí.

Ó tún un kà.

“O kàwé dáadáa,” ni wọ́n wí fún un. “Ọlọ́run á jẹ́ kó bá ọ kalẹ́.” Wọn ò wojú mi. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi sí kẹ́tùlù, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun ò tíì tó.

Bí wọ́n bá dá mi padà sí ọjọ́ kẹrin yẹn, mo tún máa kọ létà náà. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni mò ń já sí. Ọmọ wà ní ilé-ìwé, ó sì ń ṣe dáadáa. Ìyá àgbà ò bá mi jà. Wọ́n ṣì ń béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n ṣì ń fún mi lómi tútù. Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù ọdọọdún tí mo gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn ilé sí. Láyé ọjọ́un, àyè náà kì í gba ọ̀rọ̀ wọn, àfi kí n so ìwé mìíràn mọ́ ọn. Lọ́dún yìí mo jókòó, mo mú bírò dání, mo ní, “Màmá, báwo ni gbogbo nǹkan?”

“A wà,” ni wọ́n wí. “Alihamudulilahi.”

Mo dúró, bóyá wọ́n á sọ sí i. Nígbà tó pẹ́, mo kọ “A wà” nìkan síbẹ̀, mo dìde, mo sì kí wọn pé ó dàbọ̀.