Oṣù Mẹ́rìnlá tí Fọwọ́síi Fi Di Ẹrù

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin tí à ń pè ní Fọwọ́síi fi ṣe sítọ́kípà ní ọsibítù ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fún un, nítorí pé bí wọ́n bá sáré wá gba òwú tí wọ́n fẹ́ fi di egbò, fọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ nà sí wọn, á ní, "Fọwọ́ sí i." Wọ́n ní dókítà àgbà kan bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé òun gbàgbé káàdì òun sílé, pé àbí kò dá òun mọ̀ ni? Fọwọ́síi wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ yín, sà. Ìwé ni kò mọ̀ yín." Dókítà padà sílé lọ mú káàdì.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí nǹkan fún un mọ́. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó ń ka ṣíbí ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, kò ráyè tirẹ̀, nítorí apínlẹ́tà ni. Láti àárọ̀ ni yóò ti gbé báàgì lẹ́tà kọ́ èjìká, yóò la òpópónà wa já, yóò gun òkè iléèwé, yóò sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ó di aago mẹ́ta ọ̀sán kí ẹ tó tún rí i.

Ọjọ́ kan ni Fọwọ́síi lọ gẹrun. Ó ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó rí àwòrán ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, tó gba inú igbó àti abúlé kọjá títí dé etí òkun. Irínwó kìlómítà ó lé mẹ́wàá. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ènìyàn fi ń rìn ín. Kí onígbàjámọ̀ tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì orí rẹ̀, ó ti pinnu. Ó fò dìde, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé igba. Orí tí wọ́n gẹ̀ lápá kan ló gbé wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé.

Ẹ ó rò pé ẹni tó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé. Rárá o. Lẹ́yìn ìwé, òṣùwọ̀n ni Fọwọ́síi tún rà. "Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló wí fún wa. "Ọ̀nà náà là á wò ká tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Ó sì wo ọ̀nà náà fún oṣù mẹ́rìnlá. Yàrá àwọn ìbejì, tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ, ló sọ di sítọ́ọ̀. Ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to ẹrù sí i, ó lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ayùn gé ìdajì igi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kúrò kí ó lè fúyẹ́. Ó gé etí máàpù dànù, kò mọ̀ pé abúlé méjì bá a lọ. Ó wọn káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó rí i pé gíráàmù mẹ́fà ni, ó yọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò bi òun ní ìwé nínú igbó? Lẹ́yìn gbogbo ìgékúrò yìí, ó wá ra tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Èkíní fún ìríran. Èkejì bí èkíní bá kú. Ẹ̀kẹta láti fi wá èkejì.

Ìyá Ìbejì wọ yàrá yẹn ní ọjọ́ kan, ó fẹ́ mú síṣọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ na fọ́ọ̀mù sí i.

"Bàbá Ìbejì, síṣọ́ọ̀sì èmi fúnra mi nìyí o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ìwé."

Obìnrin náà fọwọ́ sí i. Ó gé okùn tó fẹ́ gé, ó dá síṣọ́ọ̀sì padà, ó tún fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Fọwọ́síi obìnrin, tó ń gbé òpópónà kejì, gbọ́ ìròyìn, ó wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó wo àgọ́, ó wo sítóòfù, ó wo okùn mẹ́rin, ṣọ́bìrì kékeré àti àga tó ń ká bí ìwé.

"Àbúrò mi, ta ló lé ọ?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó lé mi, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ rìn ni."

"Ṣé mọ́tò ti tán ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbádùn ni."

Ẹ̀gbọ́n ṣe hàà, ó yíjú sí ìyàwó ilé. "Ìyá Ìbejì, ṣé ò ń fún ọkùnrin yìí lóúnjẹ báyìí?"

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an ló wá mú ẹjọ́ dání. Fọwọ́síi ti se ẹ̀wà àti ìrẹsì, ó ti sá wọn gbẹ lórí òrùlé títí ẹyẹ àdúgbò fi mọ ilé rẹ̀ dunjú. Ó dì wọ́n sí páálí mẹ́rin, ó fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí pósọ́fíìsì abúlé mẹ́rin tó wà lójú ọ̀nà, kí ó máa gbà wọ́n bó bá ṣe ń dé ibẹ̀. Ìyá Ìbejì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ nígbà tó gbọ́.

"Ẹ rántí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń ṣí pósọ́fíìsì àwọn abúlé òkè yẹn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń bá pósọ́fíìsì ṣiṣẹ́ rèé."

"Ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ó ní bóyá kó gbé ẹrù náà kọ́ ẹ̀yìn kó fi rìn dé òkè iléèwé, kó dán an wò, kó sì wọ bàtà tuntun yẹn kó rọ̀ díẹ̀. Fọwọ́síi ní rárá, ọ̀nà lòun ra bàtà fún, òun kò ní jẹ́ kí òpópónà àdúgbò jẹ ẹ́ tán. Bàtà náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbogbo wa jáde lọ wò ó, títí kan nọ́ọ̀sì méjì àti onígbàjámọ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kílò ni ẹrù náà, ó kọ ọ́ sára àpò. Fọwọ́síi jókòó sórí àga, ó ti apá bọ okùn àpò, ó dè é mọ́ àyà, ó ní kí a kí òun pé ó dàbọ̀. A kí i. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó tún mí kanlẹ̀, ó fò sókè, àpò fà á sẹ́yìn, òun àti àga ṣubú gbìrìgbìdì, ó wá ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì lókè bí ìjàpá tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Àwa mẹ́rin ló gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ó tún okùn èjìká rẹ̀ ṣe, ó fà á sókè níka méjì, ó sì sin ín dé ibi ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ ọ́ fún wa, mi ò fi iyọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kìíní tó yẹ kó rin kìlómítà méjìdínlógún, mẹ́rin ló rìn. Bàtà tuntun bó gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì ó rin mẹ́jọ, ó sì jókòó lórí àga rẹ̀ ju bó ṣe rìn lọ. Abúlé àkọ́kọ́, tó ní ọjọ́ kẹta lòun yóò dé ibẹ̀, ọjọ́ keje ló dé e, oúnjẹ sì ti tán láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́rú ni. Pósọ́fíìsì wà ní títì pa.

Ó sùn nínú àgọ́ lẹ́yìn pósọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì, búrẹ́dì ló ń rà jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá arúgbó kan wá ṣílẹ̀kùn. Fọwọ́síi rí páálí rẹ̀ lórí pákó níwájú, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára rẹ̀.

"Páálí mi nìyẹn, sà."

"Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ wá."

"N kò mú un dání. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, sà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ yẹn. Mo lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ̀wà àpò mẹ́fà, ìrẹsì àpò mẹ́jọ..."

Bàbá náà ti bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọ̀gbẹ́ni, ojú yín jọ ojú ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi ojú yọ̀ǹda ẹrù, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?"

 Fọwọ́síi kò lè bá bàbá náà jà, nítorí pé bàbá náà ló jàre. Ó jáde síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

Ìyá Ìbejì kò bi í ní ìbéèrè kankan ju ibi tí káàdì wà lọ. Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́, ó mú káàdì náà dání wọ ọkọ̀, ó sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá pósọ́fíìsì rí káàdì iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó kí i bí ẹni kí ọmọ ìyá, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i ni. Síbẹ̀ ó na fọ́ọ̀mù sí Fọwọ́síi. Ó fọwọ́ sí i.

Obìnrin náà wá tú àpò ọkọ rẹ̀ palẹ̀ sí ilẹ̀ pósọ́fíìsì.

"Kí ni ṣọ́bìrì yìí wà fún? Ta lẹ fẹ́ sin?"

"Bóyá ilẹ̀ kan yóò..."

"Àga yìí ńkọ́?"

"Èmi ni mo ń jókòó lé e."

"Ilẹ̀ kò tíì tán, Bàbá Ìbejì."

Kílò mọ́kàndínlógún ló yọ kúrò. Wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ní ìgbẹ̀yìn ọjọ́ yẹn gan-an. Ó fún ọkọ rẹ̀ ní bàtà àtijọ́ tí ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, èyí tó gbé wá láti ilé, ó fi òwú di gìgísẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpò kékeré tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ síwájú.

Kì í rìn kíákíá. Kì í sì í dúró. Ẹsẹ̀ kan náà tó fi ń gun òkè ló fi ń sọ̀ ọ́, èémí rẹ̀ kò yí padà. Fọwọ́síi ní ọjọ́ kejì lòun fi òye gbé e pé obìnrin yìí kì í tẹ òkúta tó bá ń mì, kì í sì í dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ kó tó mu omi. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n jókòó lẹ́bàá odò kan.

"Ìyá Ìbejì, kìlómítà mélòó lo ń rìn lóòjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ?"

"N kò kà á rí."

Ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ àti kálàmù. "Ká ní mẹ́tàlá ni, lọ́nà ọjọ́ márùn-ún, lọ́nà ọdún..."

"Ẹ má ṣírò ó," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò rọ̀ pẹ̀lú. "Oṣù mẹ́rìnlá lẹ fi wà nínú yàrá yẹn. Ẹ ò bi mí léèrè ohunkóhun lẹ́ẹ̀kan rí."

Fọwọ́síi pa ìwé dé. Ó ní, "Má bínú." Obìnrin náà bu omi fún un.

Ìsinmi Ìyá Ìbejì tán kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n wọ ọkọ̀ wálé láti ìlú kékeré kan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Fọwọ́síi bi í pé báwo ni òkun ṣe rí, ó ní òun kò rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò fi àlàyé kankan tì í lẹ́yìn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì kó ìsinmi rẹ̀ pọ̀, ó ní àwọn ó lọ rin èyí tó kù. Fọwọ́síi dìde lọ mú òṣùwọ̀n. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta là ń lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ náà. Fọwọ́síi di ẹrù ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì gbàgbé tọ́ọ̀ṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n dé etí òkun. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, ó sì ní àwọn kò rí omi, ariwo rẹ̀ nìkan làwọn gbọ́. Wọ́n sá sábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀ kan, wọ́n jẹ búrẹ́dì tó ti rin, wọ́n sì ń jiyàn lórí ibi tí òkun wà gan-an títí ọkọ̀ fi dé.