Pẹpẹ Tí Olúgbémi Kàn Mọ́ Ògiri

Káfíńtà ni Olúgbémi, ọkọ mi. Igi ló máa ń bá sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì ní Airport Road, ní Effurun, òun ló fi igi ìrókò ṣe pẹpẹ yí inú rẹ̀ ká. Ó kàn án mọ́ ògiri débi pé ẹ lè so màálù mọ́ ọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú. Láràárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn, màá fọwọ́ pa igi náà. Bí mo ṣe ń kí ọkọ mi nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, onílé ta ilé fún ẹlòmíì. Ẹni tó rà á rán Pius, tó ń bá a bójú tó ilé, pé kí gbogbo wa tọwọ́ bọ àgírímẹ́ǹtì tuntun.

"Mama, na normal paper. Everybody don sign."

Àwa oníṣọ́ọ̀bù, iye owó ilé nìkan la máa ń bèèrè. Bí a bá ti gbọ́ ọ, tí a pariwo, tí wọ́n sì bá wa dín in díẹ̀, lójú wa, a ti ka ìwé tán. Èmi náà ti mú bírò. Ni Rùqáyyàh, tó ń ta aṣọ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bá ké:

"Ìyá Táíyé! Ṣé ẹ fẹ́ fi pẹpẹ bàbá Táíyé ta onílé lọ́rẹ ni?"

Ojú òun ti rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà tẹ́lẹ̀, ó tẹ́ táìlì, ó kan àjà. Lọ́jọ́ tó ń kó jáde, wọ́n ní ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilé, ti onílé ni. Ó ṣáà ti tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kí Pius fún mi láyè, mo sì gbé ìwé náà lọ bá Táíyé, ọmọ mi obìnrin, nílé.

"Má kà á fún mi bí òyìnbó ṣe kọ ọ́. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi ni kó o sọ."

Ó sọ ọ́. Bí òrùlé bá ń jò, onílé ló máa tún un ṣe. Bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, èmi ni. N kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún onílé. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ìka tọ́ka sí ìlà kan.

"Mummy, this one na Daddy shelf."

Bí Rùqáyyàh ṣe wí gan-an ló wà níbẹ̀. Mo bẹ Pius pé kí wọ́n kọ ọ́ pé tèmi ni pẹpẹ. Ó lọ bèèrè, ó padà dé.

"Oga no gree. Na one paper for everybody."

"Ó dáa. Ọjọ́ wo ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"The day wey you sign am."

Mo pe káfíńtà kan kí n tó fọwọ́ kan bírò. Ìṣó Olúgbémi kọ̀, kò fẹ́ jáde! Káfíńtà ń làágùn, Rùqáyyàh ń rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá Táíyé, ẹ jọ̀wọ́ o, ìyàwó yín ló ní ká ṣe é!" Nígbà tó jàjà tú, a fi ẹsẹ̀ sí pẹpẹ lábẹ́, a dí ihò ara ògiri, a kùn ún. Kò sí ìṣó kankan láàárín òun àti ilé mọ́. Ìgbà náà ni mo tọwọ́ bọ̀wé.

Pius ti pẹpẹ náà wò, kò mì. Ẹ̀rín pa á.

"Mama, you don give shelf leg!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo bá ń lọ, a jọ máa rìn jáde ni."